Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ wo ló bá etí yín mu? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ yàn

"Ó fẹ́ ẹ." "Ó sẹ́ ẹ." "Ó ṣẹ́ ẹ." Àmì ohùn kan náà ló wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fáwẹ̀lì kan náà ló wà nínú wọn. Kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Ẹni tí etí rẹ̀ ti ń di díẹ̀díẹ̀ á gbọ́ pé ènìyàn sọ̀rọ̀, á sì mọ̀ pé ohùn òkè ni wọ́n fi sọ ọ́, àmọ́ kò ní mọ̀ bóyá ẹnìkan fẹ́ ìyàwó ni, bóyá ó sẹ́ ọ̀rẹ́ ni, àbí igi ló ṣẹ́.

Ibi tí ìró wọ̀nyí wà ló fà á. Fáwẹ̀lì àti ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́ ìró ìsàlẹ̀ tó lágbára. Ìró f, s àti ṣ tinrín, òkè ni wọ́n wà, láti nǹkan bíi 2000 Hz lọ dé 8000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Òkè yẹn gan-an ni ọjọ́ orí àti ariwo ti kọ́kọ́ máa ń jẹ etí. Ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà á fi sọ pé, "Mò ń gbọ́ yín o, ohun tí ẹ ń wí ni kò yé mi." Kò purọ́. Bí ẹ bá sì pariwo mọ́ ọn, fáwẹ̀lì ni ẹ ń fi kún, etí á máa dùn ún, s ò sì ní tìtorí ẹ̀ yọjú.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí etí yan ẹ̀rọ. Ẹ má fi ojú yàn, ẹ má sì fi owó yàn. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà torí pé ó kéré jù, tàbí torí pé òun ló wọ́n jù, ló sábà máa ń sùn sínú dúrọ́ọ̀, torí kò sí ẹni tó kọ́kọ́ wo ohun tí etí náà nílò.

## Ọ̀nà ló dí ni, àbí inú lọ́hùn-ún?

Irú àìgbọ́ràn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fi wéra kí ẹ tó dé ìdí ẹ̀rọ rárá. Ìró máa ń gba ihò etí wọlé, á lu ìlù etí, ìlù á mi eegun kékeré mẹ́ta tó so kọ́ra, eegun á sì gbé e dé inú ohun kan tó ká bí ìkarahun ìgbín, tí omi kún inú rẹ̀. Irun tín-tìn-tín tó wà nínú ìgbín yẹn ló ń sọ ìró di iṣẹ́ tí iṣan ń jẹ́ fún ọpọlọ.

Bí ohun kan bá dínà kí ìró tó dé inú ìgbín, àìgbọ́ràn ojú ọ̀nà nìyẹn: ìdọ̀tí etí tó ki pọ̀, omi tó dá dúró sẹ́yìn ìlù, ìlù tó lu, eegun tó gan. Púpọ̀ nínú wọn ni dókítà lè tọ́jú, ẹ sì lè máà nílò ẹ̀rọ kankan. Bó bá jẹ́ irun inú ìgbín ló kú, kì í hù padà, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ti wúlò jù lọ. Àwọn kan ní méjèèjì pọ̀.

Àyẹ̀wò ló ń yà wọ́n. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìró sí etí yín láti inú ohun tí wọ́n fi bo etí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé ohun kékeré kan tó ń gbọ̀n lé eegun ẹ̀yìn etí, èyí tó ń gbé ìró lọ sínú ìgbín tààrà. Bí ẹ bá gbọ́ dáadáa láti ara eegun, tí ẹ ò sì gbọ́ láti ihò etí, ọ̀nà ló dí. Bí méjèèjì bá jọ wálẹ̀, inú ìgbín tàbí iṣan ni. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ, tí wọn ò sì tíì yẹ ti eegun wò fún, kó ní kí wọ́n ṣe é.

Àwọn àmì kan wà tó jẹ́ pé dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni kí ẹ rí ṣáájú ẹni tó ń ta ẹ̀rọ. Èyí tó burú jù ni etí tó di lójijì, láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má rò pé ìdọ̀tí ni, ẹ má sì ní ẹ ó wò ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Oògùn sítẹ́rọ́ìdì ni wọ́n sábà fi ń tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ló sì máa ń ṣiṣẹ́ jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìrètí ti dín kù gan-an. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Àwọn yòókù ni etí tó ń tú ọyún tàbí ẹ̀jẹ̀, ìrora, òòyì tó ń kọ́ni, etí kan tó burú ju èkejì lọ, àti ariwo tó ń dún nínú etí kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ti lo oògùn gentamicin, streptomycin tàbí cisplatin rí, ẹ sọ ọ́, torí wọ́n lè pa irun inú ìgbín.

Ẹ fi òwú orí igi sílẹ̀ pátápátá. Ńṣe ló ń ti ìdọ̀tí wọnú títí á fi lẹ̀ mọ́ ìlù etí, tí ẹ ó wá rò pé etí ti di ti ọjọ́ ogbó.

## Kíka ọ́díógíráàmù

Ọ́díógíráàmù ni ìwé tí wọ́n ya àbájáde àyẹ̀wò etí yín sí. Láti òsì sí ọ̀tún lórí rẹ̀, ìró ń tinrín sí i, láti 250 Hz dé 8000 Hz. Láti òkè wá sísàlẹ̀, ìró ń le sí i, ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń kọ ní dB. O pupa ni etí ọ̀tún, X aláwọ̀ búlúù ni etí òsì. Bí àmì bá ṣe wálẹ̀ tó ni àìgbọ́ràn ṣe pọ̀ tó.

Nínú ìjábọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2021, wọ́n pín in báyìí, wọ́n sì fi etí tó sàn jù wọ̀n ọ́n: bí kò bá tó 20 dB, etí dára, 20 sí 34, àìgbọ́ràn díẹ̀, 35 sí 49, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, 50 sí 64, ó ti ń le, 65 sí 79, ó le, 80 sí 94, ó le gan-an, 95 lọ sókè, etí ti di pátápátá. Àròpín ohun tí etí gbọ́ ní 500, 1000, 2000 àti 4000 Hz ni wọ́n fi ń ṣe é.

Àmọ́ àròpín lè tan yín jẹ. Ẹ wo ẹni méjì tí àròpín wọn jẹ́ 45 dB. Ẹni àkọ́kọ́ ní 45 ní ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni kejì ní 15 ní 500, 30 ní 1000, 60 ní 2000, àti 75 ní 4000. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́rin: 45 náà ni. Síbẹ̀ etí wọn ò jọra rárá. Ẹni àkọ́kọ́ nílò ìrànlọ́wọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, orí rọ́bà (rọ́bà kékeré ẹnu ẹ̀rọ tó ń wọ inú etí) tó dí ihò etí ló sì bá a mu. Ẹni kejì ṣì ń gbọ́ ìró ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá dí ihò etí rẹ̀, ohùn ara rẹ̀ á máa dún sí i bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú àmù, á sì bọ́ ẹ̀rọ náà kí ọjọ́ tó rọ̀. Orí rọ́bà tó ní ihò lára ni kí wọ́n kọ́kọ́ dán wò fún un, kí onímọ̀ ìgbọ́ràn sì ṣọ́ ọ kó má súfèé, torí 75 yẹn ti súnmọ́ ibi tí agbára rọ́bà oníhò mọ.

Ẹ gba ẹ̀dà ìwé náà sọ́wọ́. Etí yín ló ni ín, òun lẹ ó sì máa mú lọ síbikíbi tí ẹ bá ti fẹ́ wo ẹ̀rọ.

## Ẹ̀yìn etí àti inú etí

| | Ẹ̀yìn etí, pẹ̀lú ike etí | Ẹ̀yìn etí, sípíkà nínú ihò | Inú etí | Inú ihò lọ́hùn-ún |
|---|---|---|---|---|
| Àìgbọ́ràn tó lè gbé | díẹ̀ títí dé èyí tó le gan-an | díẹ̀ dé èyí tó le | díẹ̀ dé èyí tó ti ń le | díẹ̀ dé ìwọ̀ntúnwọ̀nsì |
| Bátìrì tó wọ́pọ̀ | 13, 675, tàbí èyí tó ń gba iná | 312 tàbí èyí tó ń gba iná | 312 tàbí 13 | 10 |
| Ohun tó sábà ń ṣe é | túùbù tó gan, omi inú túùbù | ìdọ̀tí lẹ́nu sípíkà | ìdọ̀tí àti òógùn | ìdọ̀tí |
| Ọwọ́ tó ń gbọ̀n | rọrùn jù | ó ṣeé ṣe | ó ṣeé ṣe | ó ṣòro |
| Ọmọ kékeré | òun ni kí ẹ mú | ó dọwọ́ onímọ̀ | rárá | rárá |

Fún àgbàlagbà tí òkè ìró ti ń lọ mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀rọ ẹ̀yìn etí tí sípíkà rẹ̀ wà nínú ihò la sábà máa ń tọ́ka sí. Sípíkà wà nínú ihò etí, máìkì méjì wà lẹ́yìn etí, wáyà tinrín kan ló so wọ́n pọ̀. Máìkì méjì yẹn ṣe pàtàkì: òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ dojú kọ ẹni tó wà níwájú yín, kí ó sì rẹ ariwo ẹ̀yìn sílẹ̀. Bí sípíkà bá kú, òun nìkan ni wọ́n á pààrọ̀. Ìdọ̀tí etí ni ọ̀tá rẹ̀. Asẹ́ funfun kékeré kan wà lẹ́nu sípíkà, tí ẹ gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ bó bá ti dí.

Ẹni tí etí rẹ̀ ń tú omi lemọ́lemọ́, tàbí tí ìdọ̀tí rẹ̀ pọ̀ jù, kó padà sí ẹ̀rọ ẹ̀yìn etí tó ní ike etí. Gbogbo ẹ̀rọ tó níye lórí wà lẹ́yìn etí níbi tó gbẹ. Ohun tó wọ inú ihò kò ju ike tí wọ́n fi àwòṣe etí yín ṣe. Ẹ lè yọ ike náà kúrò lára ẹ̀rọ, kí ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fẹ́ omi kúrò nínú túùbù kí ẹ tó dá a padà. Túùbù máa ń gan, á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀.

Irú ẹ̀rọ yìí kan náà ni ti ọmọdé. Etí ọmọ ń dàgbà, bó bá ti ń dàgbà ni ike á máa tú, tí ẹ̀rọ á máa súfèé. Ike nìkan lẹ ó ṣe tuntun, ẹ̀rọ á wà bó ti wà. Ọmọ ọwọ́ lè nílò ike tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ má sì gbà kí wọ́n fún ọmọ ní ẹ̀rọ tí ilẹ̀kùn bátìrì rẹ̀ kò ní títì. Bátìrì róbótó tí ọmọ bá gbé mì lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì; ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ, ẹ má dúró wò ó.

Ní ti èyí tó wọ ihò lọ́hùn-ún, ìfarasin ló tà jù. Lóòótọ́, afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ lù ú bíi ti ẹ̀yìn etí, ẹ sì lè gbé fóònù sétí bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àmọ́ máìkì kan ṣoṣo ló sábà ní, bátìrì rẹ̀ kéré, Bluetooth kì í sábà sí nínú rẹ̀, ìdọ̀tí sì ń dí i kíákíá. A mọ̀ pé ìtìjú ń dun ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dáhùn "ẹ̀n?" nígbà mẹ́ta lórí gbólóhùn kan ti fi etí rẹ̀ han gbogbo ilé ju ike tíńtín ẹ̀yìn etí lọ.

## Bátìrì tí à ń jù nù àti èyí tó ń gba iná

Àwọ̀ bébà orí bátìrì ni ẹ ó fi dá a mọ̀ níbi gbogbo láyé: 10 jẹ́ yẹ́lò, 312 jẹ́ búráùn, 13 jẹ́ ọsàn, 675 jẹ́ búlúù. Nọ́mbà 10 lè lò tó ọjọ́ mẹ́ta sí méje, 312 tó mẹ́ta sí mẹ́wàá, 13 tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, 675 sì lè ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Afẹ́fẹ́ ló ń jí bátìrì yìí. Bí ẹ bá ti ṣí bébà orí rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó tì í mọ́nú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá kánjú tì í mọ́nú máa ń rò pé bátìrì ti kú láti ilé ìtajà. Bí ẹ bá sì ti ṣí i, ẹ ò lè fi bébà dá a padà sùn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nìyẹn.

Èyí tó ń gba iná dára fún ọwọ́ tó ń gbọ̀n àti ojú tí kò ríran dáadáa. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lórí iná, á sì gbé yín dé alẹ́. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, kò ní lè gbé ọjọ́ kan mọ́. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó bóyá bátìrì náà ṣeé pààrọ̀ àti ẹni tó ń ṣe é. Bí iná ò bá dá yín lójú lójoojúmọ́, bátìrì tí à ń jù nù ni kí ẹ mú.

## Èyí tí wọ́n fi àyẹ̀wò tò àti èyí tí ẹ rà lórí igbá

Amúgbohùn lásán ń gbé gbogbo ìró sókè pọ̀: ohùn ọ̀rẹ́, ariwo ọkọ̀, ìlẹ̀kùn tó gbá. Ẹni tí kò gbọ́ s á rí fáwẹ̀lì tó pọ̀ jù gbà, s ò sì ní tó. Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ gidi ń fi kún ibi tó dín kù nìkan, ó sì ní ibi tó ń pààlà kí ìró tó le má baà dun etí.

Láàárín méjèèjì ni èyí tí wọ́n ń tà láìsí ìwé dókítà wà. Òfin tó gbà á láyè ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, fún ẹni ọdún 18 sókè tí àìgbọ́ràn rẹ̀ jẹ́ díẹ̀ tàbí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìjọba ibẹ̀ tún fọwọ́ sí ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń sọ AirPods Pro 2, ohun tí à ń kì sétí ti ilé iṣẹ́ Apple, di ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀. Bí ọ́díógíráàmù yín bá wà láàárín ìwọ̀n yẹn, tí ẹ sì mọ fóònù lò, kò burú láti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ti ọmọdé, kì í ṣe ti ẹni tó lé ní 50 dB, kì í sì í ṣe ti ẹni tó ní ọ̀kan nínú àmì tí a kà lókè.

Ohun tí owó onímọ̀ ń rà fún yín gan-an ni ìwọ̀n inú etí. Ẹ mú ẹ̀rọ méjì tó jẹ́ ọmọ ìyá kan, ẹ fún ẹni méjì: ìró tó dé ìlù etí wọn kò ní dọ́gba, torí ihò etí ò dọ́gba. Onímọ̀ á ki túùbù rírọ̀ kan, tó tinrín bí okùn, sínú ihò etí títí á fi súnmọ́ ìlù, á gbé ẹ̀rọ sí etí náà, á sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dún ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́, ohùn àárín, bíi 65 dB, àti ohùn líle. Ìlà ohun tí etí ń gbà á hàn lójú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ìlà ibi tó yẹ kó dé, tí wọ́n fi NAL tàbí DSL, ìyẹn ìlànà ìṣirò ìró tí etí kan nílò, ṣírò. Á máa tún un ṣe títí méjèèjì á fi bára mu. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ fún etí kan. Bí wọ́n bá fi ìṣírò kọ̀ǹpútà nìkan gbé e fún yín, òkè ìró ló sábà máa ń dín kù, ibi tí s àti f wà. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó: "Ṣé ẹ máa wọ̀n ọ́n nínú etí mi?" Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n wọ̀n dáadáa dára ju ọlọ́lá tí wọn ò wọ̀n lọ.

## Etí kan, etí méjì, àti ibi tí ẹ̀rọ lásán ò dé

Bí etí méjèèjì bá ti dín kù, ẹ̀rọ méjì. Ọpọlọ ń fi ìyàtọ̀ àárín etí méjèèjì mọ ibi tí ìró ti wá, òun ló sì fi ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú ariwo. Bí owó ò bá tó ju ti ẹyọ kan lọ, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ dán etí méjèèjì wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kí ẹ tó yàn.

Bí etí kan bá ti kú pátápátá, tí èkejì sì dára, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní CROS: máìkì wà ní ẹ̀gbẹ́ tó kú, ó ń ta ìró sí ẹ̀gbẹ́ tó yè. Ẹni tí a bí láìní ihò etí, tàbí tí etí rẹ̀ kò yéé tú, lè lo èyí tó ń gba ara eegun. Ti ọmọ kékeré máa ń wà lórí bẹ́líìtì rírọ̀ tí wọ́n dè mọ́ orí. Bí ẹ̀rọ tó lágbára jù, tí wọ́n tò dáadáa, kò bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé ni mọ́, ó tó àkókò láti béèrè nípa ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní cochlear implant. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń fi í sínú ìgbín. Iná mànàmáná ló ń fi ru iṣan sókè tààrà, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, fún oṣù púpọ̀.

## Bó bá ń ṣe ségesège

Bó bá ń súfèé, ó ṣeé ṣe kí ike má jókòó dáadáa, kí rọ́bà kéré jù, tàbí kí ìdọ̀tí dí ihò etí tí ìró sì ń ta padà. Ẹ yọ ọ́, ẹ tún un fi sí i; bí kò bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo inú etí kí ẹnikẹ́ni tó dín agbára ẹ̀rọ kù. Bó bá dákẹ́ pátápátá, ẹ wo bátìrì, lẹ́yìn náà asẹ́ ẹnu sípíkà, lẹ́yìn náà omi inú túùbù, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ tò ó. Òógùn àti ọ̀rinrin ń jẹ ẹ̀rọ, nítorí náà lálẹ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn bátìrì, ẹ gbé e sínú ike tó ní ìdérí, pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin mu. Ẹ má fi sí oòrùn, ẹ má sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú irun gbẹ gbẹ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń le. Bébà á máa hó, ẹsẹ̀ yín á máa dún lórí ilẹ̀, omi á máa pariwo. Àwọn ìró tí ọpọlọ ti gbàgbé ni, ó sì gbọ́dọ̀ tún wọn kọ́. Ẹ fi wákàtí díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú ilé tó dákẹ́, ẹ máa fi kún un lójoojúmọ́, ẹ má sì fi pamọ́ de ọjọ́ òde nìkan.

Bí ilé ìtajà bá fún yín ní àkókò ìdánwò, ẹ lò ó dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan jókòó ní bíi mítà méjì sí yín, kó fi ìwé bo ẹnu, kó máa pe "fẹ́", "sẹ́" àti "ṣẹ́" láìtò wọ́n tẹ̀léra, nígbà ogún. Ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀, kí òun náà kọ ohun tó pè. Ẹ mú bébà méjèèjì padà fún onímọ̀ ìgbọ́ràn, kó rí èyí tí ẹ ń fi pe èkejì. Ibi tó yẹ kó tún ṣe lókè ìró á hàn sí i níbẹ̀.